Yàrá Ìsàlẹ̀ Tí Wọ́n Kó Ìwé Àdúgbò Sí

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi, mi ò sì gbọ́ ọ lórí rédíò. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó ìwé náà sọ̀kalẹ̀, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kun ògiri, èmi yìí kan náà ni mo sì fi èjìká já ilẹ̀kùn nígbà tí omi dé. Bí ọ̀mọ̀wé kankan bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn fún yín, ẹ bi í léèrè pé níbo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Bàbá mi fà mí jáde ní púráímárì, wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ rìn láti Ìkátẹ̀ dé Ajah, ní Lẹ́kí níbí, kí ẹ máa ka ilé lọ: nínú mẹ́wàá, ọwọ́ mi á wà nínú méjì tàbí mẹ́ta. Ògiri tí mo bá mọ kì í lanu. Ilé kan wà nínú VGC, ẹ̀sítéètì àwọn olówó, tí àwọn ẹnjiníà wo ilẹ̀ rẹ̀ títí, tí wọ́n ya àwòrán, tí wọ́n ní kò séwu. Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Omi wà lábẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ gbé ilé ìdáná sí o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbẹ́ ẹ, omi tú jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: bí ọ̀rọ̀ bá ti kan omi àti ilẹ̀ ní apá ibí yìí, kò sí ẹni tó yẹ kó ní kí n lọ jókòó.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà ní Ìkátẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé obìnrin tí gbogbo wa padà ń pè ní Màmá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, òun sì ni olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì tí mi ò ní dárúkọ. Orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà gùn. Bó ṣe yé èmi nìyí: ẹ̀kọ́ nípa bí ìjọba ṣe ń tọ́jú ará ìlú, àti ohun tí ojú ará ìlú ń rí nígbà tí wọn kò bá tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ náà, Màmá kó akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́jọ lẹ́yìn, wọ́n dúró níwájú ògiri ilé kan ní àdúgbò tó kángun sí ọ̀sà. Ìlà dúdú kan wà lára ògiri náà, kò ga ju kókósẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrẹ̀ tí mọ́tò ta sí i ni.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, mọ́tò wo ló ń ta ẹrẹ̀ sára ògiri ní ìlà gbọọrọ bíi pé wọ́n fi rúlà fà á? Omi ló dúró síbẹ̀. Ó tó ọjọ́ méjì kó tó fà. Ẹ wo bí sìmẹ́ńtì ṣe ń ṣí."

Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Màmá yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tó kún fún sìmẹ́ńtì.

"Ọ̀gá bíríkìlà, kí lẹ tún rí tí àwa ò rí?"

"Ohun tí mo rí pọ̀, Màmá. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní lọ sílé lónìí."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀," ó ní, ó sì jókòó sórí bulọ́ọ̀kù mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n, lórí bulọ́ọ̀kù, pẹ̀lú aṣọ funfun báláú. Mo ti bá àwọn ọlọ́lá ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe mi, kò sí èyí tó jókòó ti ọ̀rọ̀ mi rí.

Bí mo ṣe di ara wọn nìyẹn. Yunifásítì náà háyà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ́nà Ajah fún iṣẹ́ ìwádìí, wọ́n fi mí ṣe alámòójútó rẹ̀. Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo ń tún un ṣe, èmi kan náà ni mo sì ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ ilé àwọn ènìyàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé yunifásítì ló wọ àdúgbò náà. Èmi ni mo mú wọn wọ̀ ọ́.

Màmá ní òfin kan tí kì í yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kankan kò lè gboyè láìjókòó nínú ilé ẹni tó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà o, inú ilé, lórí àga tí wọ́n bá fún un, ìbáà jẹ́ pákó. Bó bá sì kọ ọ́ tán, ó gbọ́dọ̀ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó ka ohun tó kọ sétí onílé ní Yorùbá, kí onílé gbọ́, kó tún un ṣe, kó tó tẹ̀ka sí i. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ń rìn bí ìgbín. Ó ní, "Ìgbín ń dé ibi tó ń lọ, pẹ̀lú ilé rẹ̀ lẹ́yìn."

Ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà ní àdúgbò náà. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n á padà sí ilé kọ̀ọ̀kan, ìwé kan fún ilé kan. Wọ́n á wọn ibi tí omi dé lára ògiri, wọ́n á kọ ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, wọ́n á sì kọ ohun tí onílé sọ.

Mo rántí ìyá àgbà kan níbẹ̀ tó ti ń yan ẹja láti ìgbà tí wọn ò tíì kọ́ àwọn ilé ìjọba Jákàńdè. Ọmọbìnrin kan ka ìwé rẹ̀ sí i létí: "Nígbà tí omi wọ yàrá mi, inú mi bàjẹ́."

Ìyá gbé orí sókè. "Ta ló ní inú mi bàjẹ́?"

"Mà, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀..."

"Irọ́ ni. Mo ní inú bí mi. Pa á rẹ́. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ á lọ sùn. Ẹni tí inú ń bí á dìde, á lọ bá wọn. Kọ ọ́ dáadáa, ọmọ olówó, ṣé gègé rẹ ò gbẹ?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà pa á rẹ́, ó tún un kọ, ìyá tẹ̀ka. Ó wá yí ojú sí mi. "Bíríkìlà, níbo lẹ ń gbé ìwé yìí lọ? Mi ò mọ yunifásítì o. Ìwọ ni mo mọ̀."

"Ìyá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá béèrè rẹ̀, èmi ni kí ẹ mú."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láti ilé dé ilé. Ẹnu mi ni wọ́n gbà gbọ́ tí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

Ní ọdún kẹrin, ẹ̀sítéètì tuntun kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àdúgbò náà. Ojú omi kan wà tó ń gbé àgbàrá lọ sínú ọ̀sà. Wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n dí i pa, wọ́n mọ fẹ́ńsì lé e lórí. Ẹ̀yin tó mọ Lẹ́kí mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún karùn-ún, omi dé orúnkún. Ní ọdún kẹsàn-án, ó dé ìbàdí. Àwọn ará àdúgbò kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n ní kí wọ́n ṣí ojú omi náà. Agbẹjọ́rò ẹ̀sítéètì dáhùn pé omi ti ń wọ àwọn ilé náà láti ayébáyé, kí ẹ̀sítéètì tó dé. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan ní àwọn á jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn òjò ọdún tó ń bọ̀.

Kí ló wá wà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò? Fọ́tò kankan kò sí, ẹni tí omi ń lé kì í dúró ya fọ́tò. Ìwé wa ni. Ọdún mẹ́ta tó ṣáájú yanrìn wà nínú rẹ̀, ilé sí ilé, pẹ̀lú ìka onílé: kókósẹ̀, kókósẹ̀, kókósẹ̀. Ẹni tó bá ka ojú ìwé mẹ́wàá níbẹ̀, ẹjọ́ ti parí.

Ọdún kẹsàn-án yẹn gan-an, bí a ti kọ ìwé tán, ni Màmá fẹ̀yìn tì. Ó ti pé àádọ́rin ọdún, òfin ni. Ó mú olórí tuntun wá sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó fi ìwé hàn án, ó sọ ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ náà fún un lójú mi. Ó ní, "Ìwé yìí kì í ṣe tiwa. Ti àwọn ènìyàn ni, à ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni." Ọkùnrin náà ń mi orí bí alángbá. "Kò sí wàhálà, Mà. Kò sí wàhálà rárá."

Olórí tuntun yìí kò tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Mo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Òkè òkun ló ti kàwé, òórùn dídùn rẹ̀ á ti gun àtẹ̀gùn kí òun fúnra rẹ̀ tó gùn ún. Ẹ mọ ohun tó fi di olókìkí? Ọ̀rọ̀ omíyalé. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń dúró níwájú àwọn òyìnbó, ó ń sọ bí omi ṣe ń da àwọn tálákà Lẹ́kí láàmú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ Ìkátẹ̀ rí. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, gbogbo oṣù tí mo fi sìn ín, kò tẹ̀ ẹ́.

Ó yí gbogbo nǹkan padà. Ó ní ìwé kíkọ ti di ohun àtijọ́, fóònù ni kí wọ́n máa lò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sínú bọ́ọ̀sì ẹlẹ́rọ amúlétutù ní títì, wọ́n á pe onílé jáde wá sí fèrèsé, wọ́n á máa tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ṣé omi wọlé yín?" Bẹ́ẹ̀ ni. "Ó ṣeun, ẹlòmíì." Ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní ìdajì ọjọ́. Kò sí kíkà padà, kò sí ìtẹ̀ka. Ìyá ẹlẹ́ja ní, "Bíríkìlà, ṣé àwọn wọ̀nyí ń ta ọjà ni?" Ojú tì mí.

Lẹ́yìn náà ló pe ìpàdé. Ó ní àwọn àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun, òun fẹ́ sọ yàrá òkè di yàrá ìpàdé, tábìlì onígíláàsì, àga tó ń yí. Kí wọ́n kó àwọn ìwé àtijọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀.

Mo dìde. Wọn ò pè mí kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo dìde.

"Ọ̀gá, omi ń wọ yàrá ìsàlẹ̀ o."

"Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. A ti bá kọntirákítọ̀ sọ̀rọ̀."

"Ṣé kọntirákítọ̀ ń gbé ibí ni? Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀kalẹ̀, kí n fi ìlà hàn yín. Ọdún méjì sẹ́yìn ló wọ̀ ọ́, ó ga tó báyìí."

Ó sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Ó wo ìlà náà bí ẹni ń wo epo lára aṣọ. Ó yí sí akọ̀wé, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kun ìyẹn. Àwọn àlejò ò gbọdọ̀ rí i." Ó yí sí mi. "Bàbá, bí ẹ bá ní àkíyèsí, ẹ kọ ọ́ wá. Kí ẹ gba ọ̀nà tó tọ́."

Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin tó ń kọ́ ayé nípa omíyalé rí ìlà omi, ó ní kí wọ́n kùn ún.

Olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan wà nínú ìpàdé náà, Àǹtí ni mo ń pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ Màmá ni tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn mi ló ti kọ́ bí a ṣe ń wọ ilé onílé. Mo wò ó, mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Ó ń wo èékánná rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ká, mo dènà dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

"Àǹtí, ẹnu yín dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìwé ìgbéga mi wà lórí tábìlì wọn. Ọdún kẹta rèé. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní kúrò níbi tí mo wà."

"Ìwé ìgbéga yín wà lórí tábìlì. Ìwé àwọn ará Ìkátẹ̀ ń lọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èwo ló wúwo?"

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó lọ. Ní tòótọ́, inú bí mi sí i. Ṣùgbọ́n òun ló bá mi tẹ lẹ́tà tí olórí ní kí n kọ wá, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn.

Lẹ́tà! Èmi tí mo kà dé ìwé mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, ní Yorùbá, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, ó sì dùn ún kà. Mo kọ oṣù tí omi ń wá, mo kọ ibi tó ń gbà wọlé, mo kọ iye ìka tó ga. Akọ̀wé ní kò gbọdọ̀ jẹ́ Yorùbá. Àǹtí túmọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé tún ní mi ò lè kọ ọ́ sí olórí tààrà, kó kọ́kọ́ gba ọwọ́ ọ̀gá ọ́fíìsì. Ọ̀gá ọ́fíìsì ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ilé. Ìgbìmọ̀ ilé kì í jókòó títí di ìparí sáà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà mi padà wá nínú fáìlì, wọ́n fi bírò pupa kọ nǹkan kúkúrú sí etí rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ, Àǹtí?"

"Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ojú sí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Ojú ta ni? Ojú tí wọ́n fi wo ìlà?"

"Ẹ rọra, wọ́n á gbọ́ yín."

"Kí wọ́n gbọ́!"

Wọ́n ti kó ìwé sọ̀kalẹ̀ nígbà náà. Wọ́n tò ó sórí pákó láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ dé òkè, ògiri funfun báláú, ó ń ta yanranyanran. Mo lo ọjọ́ Sátidé mi, mo gbé bulọ́ọ̀kù wá, mo tò ó ní ìlà mẹ́ta láìfi sìmẹ́ńtì kàn án, mo gbé gbogbo ìwé náà lé e. Iṣẹ́ tó mọ́, ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ á kan sáárá sí i. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, olórí kọjá, ó dúró.

"Ta ló sọ ibí di sáìtì?"

"Èmi ni, Ọ̀gá. Omi ni mo ṣe é dè."

"Bàbá, ẹ kó o jáde kí n tó padà dé. Àwọn àlejò ń bọ̀ lọ́la." Mo dá ìwé padà sórí pákó, mo kó bulọ́ọ̀kù jáde. Ó tún ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé, tó ń gbé inú VGC, ni wọ́n fún.

Àwọn ènìyàn ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò kó ìwé náà lọ sílé mi. Ní Jákàńdè ni mo ń gbé, lókè, omi kò lè dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rò ó, mi ò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ìwé yunifásítì jáde láìgba ìwé àṣẹ, olè ni wọ́n á pè é, mi ò sì jalè rí, kò sí ẹni tó lè fi olè bú mi láti Ìlasàn dé Ajah. Orúkọ mi ni mo ṣọ́. Mo ṣì ń rò ó títí dòní bóyá orúkọ ló yẹ kí n ṣọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Túsìdeè kan, kò sì dá. Ní agogo mẹ́sàn-án mo ti mọ̀. Kẹ̀kẹ́ kankan kò gbà láti rìn. Mo ká ṣòkòtò, mo fẹsẹ̀ rìn ín láti Jákàńdè, omi dé orúnkún mi níbì kan, dé itan mi níbòmíràn. Mo ń pe akọ̀wé lórí fóònù bí mo ṣe ń lọ.

"Bàbá, mi ò lè jáde, ẹnu géètì wa ti kún. Ẹ ní sùúrù kí omi fà."

"Ẹ jẹ́ kí n já ilẹ̀kùn."

"Háà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

"Ọ̀gá dà?"

"Wọ́n wà ní Àbújá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ níbi àpérò."

Mi ò béèrè ohun tí àpérò náà dá lé. Mo fi èjìká kọlù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó já.

Omi nínú yàrá náà ga kọjá ibi tí ìlà àtijọ́ wà tẹ́lẹ̀, mo mọ ibẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà funfun wọn. Pákó ìsàlẹ̀ ti wó lu ara wọn. Ìwé ń léfòó káàkiri. Èyí tí mo bá gbé ń já mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tó rọ̀, tàdáwà ti ṣàn di aró búlúù. Mo rí ìtẹ̀ka kan tó ṣì hàn gbangba, ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ti lọ. Ẹ sọ fún mi, kí ni ìka ń jẹ́rìí sí bí ọ̀rọ̀ ò bá sí?

Àǹtí dé, bàtà lọ́wọ́, aṣọ rẹ̀ tutù dé àyà. Ó ju bàtà sórí àtẹ̀gùn. Àwa méjèèjì to ìlà lórí àtẹ̀gùn, mò ń gbé, ó ń gbà. Ó ń sunkún, mo sì jẹ́ kó máa sun ún, ọwọ́ rẹ̀ ṣáà ń ṣiṣẹ́. Ti pákó òkè pátápátá nìkan la rí gbà.

Olórí padà dé lọ́jọ́ kẹta. Mo dúró, mo ń retí kó wo ìwé tí a sá sórí tábìlì onígíláàsì rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ta ló já ilẹ̀kùn?"

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ìwé tí wọ́n fi ń bá òṣìṣẹ́ wí, kí n ṣàlàyé láàárín ọjọ́ méjì ìdí tí mo fi ba dúkìá yunifásítì jẹ́. Lẹ́tà omi mi rin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kúẹ́rì ilẹ̀kùn dé ọwọ́ mi kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù. Mo kọ èsì ní Yorùbá, ìlà kan péré: "Ilẹ̀kùn ṣe é rà." Mi ò tẹ̀ ẹ́, mi ò gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá ọ́fíìsì. Mo gbé e lé orí tábìlì rẹ̀ fúnra mi. Mo kó ṣíbí àti ife mi, mo sì fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn.

Ìgbìmọ̀ tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ojú omi náà jókòó nínú gbọ̀ngàn kan ní Ajah. Gbogbo àdúgbò wá, àwọn kan wọ aṣọ funfun ìjọ wọn, láìwọ bàtà, bí ẹni ń lọ sílé Ọlọ́run. Olórí náà wá fúnra rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà dání, ó fi àwòrán aláràbarà hàn lára ògiri. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fún un ní tirẹ̀. Alága dúpẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, láti ọdún wo ni èyí ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ọdún tó kọjá, Sà."

"Kí ẹ̀sítéètì tó dé ńkọ́?"

"A... a ń ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn, Sà."

Agbẹjọ́rò ẹ̀sítéètì kò tilẹ̀ dìde. Ó kàn ń fi gègé gbá tábìlì.

Ìyá ẹlẹ́ja ló dìde. "Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀! Kókósẹ̀ ni! Mo tẹ̀ka sí i, gbogbo wa tẹ̀ka sí i!"

"Ìyá, níbo ni ìwé náà wà?" ni alága wí, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

Kò wo ọ̀dọ̀ olórí. Kò wo ọ̀dọ̀ yunifásítì. Èmi ló yíjú sí, gbogbo àdúgbò sì yíjú sí mi pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ bíbí inú mi kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo dìde, mo ní omi ti gbé e. Àwọn kan nínú àwọn tó wá láti ẹ̀sítéètì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ wọn.

Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a rí gbà, a gbé wọn síwájú ìgbìmọ̀. Ti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kò sí nínú wọn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n to àwọn yẹn sí nítorí pé wọ́n ti gbó. Alága ní òun kò lè fi ohun tí òun kò rí dájọ́. Ojú omi náà ṣì wà ní dídí. Yunifásítì sì ti fi ọkùnrin náà jẹ olórí lórí ẹ̀ka mẹ́rin dípò ẹyọ kan. Mo gbọ́ pé ó ti ń kọ ìwé lórí bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe lè bá àwọn ará àdúgbò ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí i rà.

Màmá wá sí ilé mi ní Jákàńdè lẹ́yìn ìyẹn, òun àti Àǹtí. Yunifásítì ti gbà kí wọ́n kó ohun tó kù àti ohun tó bàjẹ́ fún un, wọ́n ní àwọn kò nílò rẹ̀ mọ́. A tú u sílẹ̀ ní pálọ̀ mi, a ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, Àǹtí ń kọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá ní kí n ka iye rẹ̀ jáde, nítorí pé èmi ni mo ṣe onídùúró. Mo kà á.

Ìwé tó yẹ kó wà, igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún ọdún mẹ́sàn-án. Èyí tó ṣe é kà, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èyí tó lọ, igba ó lé mẹ́ta. Ilé tí kò ní ìwé kankan mọ́, mẹ́rìnlá. Àwọn tó ti kú, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sí níbòmíràn, mọ́kànlá. Ojú omi tó ṣì wà ní dídí, ọ̀kan.